Àdìrẹ màmá àgbà: ṣé kí n gé e, àbí kí n fi sílẹ̀ nínú àpótí?

ỌmọÌsàlẹ̀Èkó · Ọjọ́ Àìkú, 8:47 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó fi sísọ́ọ̀sì ba nǹkan jẹ́.

Màmá tó bí màmá mi papò dà lẹ́yìn Iléyá. A ti ṣe fídáù ogójì ọjọ́, wọ́n sì ti pín ẹrù. Wúrà àti iyùn lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà. Èmi ọmọ ọmọ, àpótí aṣọ kan ni wọ́n fà lé mi lọ́wọ́, torí èmi ni mo máa ń bá wọn sá aṣọ inú ẹ̀ lọ́dọọdún kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Ìró àdìrẹ mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, gbogbo ẹ̀ aláró dúdú. Òórùn káńfọ̀ ṣì wà lára wọn. Màmá àgbà tajà ní Jańkárà fún ọ̀pọ̀ ọdún, àdìrẹ wà lára ohun tí wọ́n ń tà, mo rò pé èyí tí wọn ò lè fi tọrẹ, tí wọn ò sì lè tà, ni wọ́n ń kó pa mọ́.

Ohun tó wà ńbẹ̀ ni pé márùn-ún nínú wọn ti ń já níbi tí wọ́n ti ń ṣẹ́ wọn po. Kòkòrò ti lu ọ̀kan bí asẹ́. Kò sẹ́ni tó lè ró wọn jáde mọ́. Mo wá rí obìnrin kan lórí YouTube tó ń gé aṣọ, tó ń tò ó pọ̀ bí ẹni to táìlì, ó tẹ́ aṣọ mìíràn sí àárín, ó tẹ́ òmíràn sí ìdí, ó wá ń fabẹ́rẹ́ gún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ di aṣọ ìbora kan. Kúílìtì ni wọ́n ń pè é. Ọkàn mi fà sí i gidi. Bí mo ṣe sọ fún màmá mi báyìí, wọ́n ní, "Aṣọ tí ìyá mi fi pọ̀n mí ni o fẹ́ gé?" Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ìbéèrè mi rè é: ṣé aró yìí ò ní máa ran bẹ́ẹ̀dì? Kí ni kí n fi sáàárín tí a ò fi ní sè bí ọ̀lẹ̀ nínú ooru yìí? Àti pé, ṣé màmá mi ló jàre?

Mo mọ aṣọ rán níwọ̀nba. Máṣíìnì ọlọ́wọ́ kan wà nílé.

KòSíWàhálà (Ojúẹlẹ́gba) · 8:59 alẹ́

Kúílìtì ní Èkó kẹ̀! Ẹni tí ò rí iná láti àná ń wá aṣọ ìbora onípele mẹ́ta. Ẹ máa ṣeré lọ.

Ṣùgbọ́n wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ìwọ ti wá jogún àkísà àgbà pọ̀ mọ́ aṣọ ẹ báyìí. O ti jù wá lọ.

Màmá_Méjì (Èbúté Mẹ́ta) · 9:20 alẹ́

Kò sí wàhálà lóòótọ́, wàhálà ò jìnnà sí ẹ. Wọ́n ń ṣọ̀fọ̀, ò ń dá àpárá.

Ọmọ mi, ẹ kú àsẹ̀yìndè màmá o, Ọlọ́run á fọ̀run kẹ́ wọn. Ìyá rẹ ò tíì bínú, ọgbẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Àmọ́ jẹ́ kí n bi ọ́ ní nǹkan kan: àwọn àbúrò ìyá rẹ ńkọ́? Lóòótọ́ wọ́n ti fà á lé ọ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí aṣọ náà bá di nǹkan tó rẹwà lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ ni wàá gbọ́ "èmi ni màmá fẹ́ fún." Pè wọ́n kí o tó gé e. Kí oníkálùkù mú ẹyọ kan tó bá wù ú. Èyí tó bá kù, tìrẹ ni, ẹnu wọn á sì pa mọ́.

Nígbà tí ìyá ọkọ mi kú, ìró kan péré ni mo bẹ̀bẹ̀ fún. Mo ṣì ń fi bora nígbà ọyẹ́. Mi ò gé e. Ṣùgbọ́n tèmi kò ya.

Télọ̀_Agúdà (Sùúrùlérè) · Ọjọ́ Ajé, 6:12 àárọ̀

Ọdún kejìlélógún rè é tí mo ti wà nídìí máṣíìnì. Kúílìtì kan ṣoṣo ni mo rán rí, ojú mi sì rí nǹkan. Ẹ gbọ́ àṣìṣe tèmi kó má di tiyín.

Oníbàárà kan kó aṣọ àtijọ́ ilé wọn wá, ó ní kí n ṣe é bó ṣe rí nínú fóònù òun. Mo ní kí ló le ńbẹ̀. Mo gé ọgọ́rin ẹyọ, ínṣì mẹ́fà sí mẹ́fà. Àǹkárá wà níbẹ̀, àdìrẹ wà níbẹ̀, léèsì tún wà níbẹ̀. Mi ò fọ èyíkéyìí nínú wọn kí n tó gé e. Ó dùn ún wò nígbà tó ṣì gbẹ. Obìnrin náà fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré: èyí sún kì, ìyẹn dúró síbi tó wà, gbogbo ẹ̀ wá rú gùdùgùdù bí ojú àkàrà. Mo dá owó ẹ̀ padà, mo sì bẹ̀ ẹ́.

Nítorí náà: ẹ kọ́kọ́ fọ aṣọ. Fífọ̀ ṣáájú gígé.

Èkejì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù bíi tiwa, ẹ gbàgbé ohun tí ọ̀gá kọ́ yín. Nínú búbá a máa ń fi ínṣì kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ torí bí oníbàárà bá sanra. Nínú kúílìtì, ìdá kan nínú mẹ́rin ínṣì ni ojú rírán, kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín. Ẹ lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ irin máṣíìnì, kó jìnnà sábẹ́rẹ́ ní ìdá mẹ́rin ínṣì gẹ́lẹ́, kí etí aṣọ máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ń fi ìdá mẹ́jọ ínṣì ṣì í lójú rírán kọ̀ọ̀kan, nígbà tẹ́ ẹ bá fi dé ojú kẹwàá, ó ti lé ní ínṣì kan. Ìlà yín ò ní bára wọn mu mọ́ láéláé. Ìyẹn ló pa mí lẹ́kún ju ti fífọ̀ lọ, mi ò kàn fẹ́ sọ ọ́ níwájú oníbàárà ni.

Èyí tó ti ń já, ẹ lẹ gọ́ọ̀mù-sítéè fẹ́lẹ́ mọ́ ọn lẹ́yìn, irú èyí tá à ń fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ mọ́ inú kọ́là, kẹ́ ẹ tó gé e. Ẹ má gé e wẹ́wẹ́. Aṣọ tó ti gbó, ojú rírán púpọ̀ ló ń pa á.

Ti àárín: fíbà tí wọ́n ń kì sínú ìrọ̀rí, ẹ má dán an wò. Ooru ló ń kó, bẹ́ ẹ bá sì fọ̀ ọ́, á ṣù jọ sójú kan. Ẹ wá bẹ́ẹ̀dìṣíìtì òwú tó ti gbó, èyí tí wọ́n ti fọ̀ fọ̀ fọ̀ tó fi rọ̀ bí ẹ̀wù ọmọ ìkókó. Ìpele kan tó. Ìyẹn ò lè pa yín nínú ooru, ọyẹ́ ò sì ní mú yín nínú ẹ̀.

ỌmọÌsàlẹ̀Èkó · 7:40 àárọ̀

Bàbá Télọ̀, ẹ ṣeun gan-an. Sẹ́lótéèpù yẹn nìkan ti tó mi. Màmá_Méjì, màá pè wọ́n lónìí.

Aláró_Ìtòkú (Yábàá, ọmọ Abẹ́òkúta) · 10:05 àárọ̀

Mo ti ń dúró kẹ́nì kan béèrè irú èyí láti ọjọ́ yìí.

Ìdílé aláró ni wọ́n bí mi sí. Ohun tí orúkọ ń sọ náà niṣẹ́ ọ̀hún: a dì í, a rẹ ẹ́. Ewé èlú ni ìyá ìyá mi ń gún, wọ́n á mọ ọ́n ní roboto-roboto, wọ́n á sá a gbẹ. Wọ́n á jó igi di eérú, wọ́n á da omi sí i nínú ìkòkò tí wọ́n dá ihò sí nídìí, ohun tó bá ń sẹ̀ nísàlẹ̀ ni wọ́n fi ń rẹ èlú títí yóò fi kan. Bí ìkòkò bá ti "jí", òórùn ẹ̀ lẹ ó kọ́kọ́ mọ̀. Aṣọ tẹ́ ẹ bá rì bọ̀ ọ́ kì í jáde ní dúdú o. Bí ewé ló ń rí, á pọ́n díẹ̀, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró lójú yín kòròkòrò. Wọ́n á tún rì í, wọ́n á tún yọ ọ́. Bó ṣe ń wọ ìkòkò sí ló ń dúdú sí. Láàárín 1920 sí 1940 ni sódà àti aró oníyẹ̀fun láti òkè òkun gbòde l'Abẹ́òkúta, tí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan wá di iṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀.

Kí nìdí tí mo fi ń sọ gbogbo èyí? Torí ìbéèrè rẹ àkọ́kọ́. Aró èlú kì í yọ́ nínú omi lásán. Eérú àti kíkan yẹn ló mú kó yọ́ kó tó lè wọ òwú. Bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ sí i, ó tún ti di líle, ó jókòó sára òwú bí eruku tó dì. Nítorí náà kì í ṣe omi ló ń ṣí i jù, ìfọwọ́rà ni. Ẹ ó máa rí i lára ọrùn ọwọ́ àti itan ẹni tó bá ró o nígbà tó ṣì tuntun. Ẹlòmíì á ní kẹ́ ẹ fi iyọ̀ rẹ ẹ́, ẹlòmíì á ní fínígà. Iyọ̀ ò mọ nǹkan kan nípa aró èlú. Ẹ fi sọbẹ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe máa dán an wò rè é. Ẹ mú ánkáṣíìfù funfun, ẹ fi omi rẹ ẹ́, ẹ fi ra ojú kan lára aṣọ náà lọ́nà ọgbọ̀n. Ẹ wò ó. Ẹ tún fi gbígbẹ ra ojú mìíràn. Bó bá ti búlúù, ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ nínú omi tútù, ọṣẹ pẹ́lẹ́, ẹ má fi agbára fọwọ́ ra á, ẹ má bù búlíìṣì sí i. Ẹ máa pààrọ̀ omi títí yóò fi mọ́. Òjìji ni kẹ́ ẹ sá a sí.

Ó tún kù kan. Irú wo ni? Bó bá jẹ́ oníko, ẹ ó rí àmì ibi tí wọ́n fi ìko so, roboto-roboto. Alábẹ́rẹ́, ẹ ó rí ojú abẹ́rẹ́ tóótòòtó. Bó bá jẹ́ ẹlẹ́kọ, láfún ni wọ́n sè pọ̀ mọ́ álọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ ya lé e. Ojú kan ni wọ́n ń ya ẹ̀kọ náà sí, fún ìdí èyí ẹ yí i padà: bí ẹ̀yìn bá dúdú ju iwájú lọ, tí àwòrán ò hàn ketekete, ẹlẹ́kọ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ júwe àwọn tẹ́ ẹ ní.

AbẹrẹKan (ọmọ Múṣin, mo wà ní Amẹ́ríkà) · 1:31 ọ̀sán

Lórí ti màmá rẹ. Ìletò kan wà ní Alabama tí wọ́n ń pè ní Gee's Bend, àwọn obìnrin dúdú ibẹ̀ ti ń fi aṣọ gbígbó ṣe kúílìtì láti ìrandíran, nítorí òtútù àti àìní ni. Ní 1942, Missouri Pettway kó aṣọ oko ọkọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ó já a, ó fi ṣe aṣọ ìbora kí òun lè máa fi rántí rẹ̀, kí òun sì máa wà lábẹ́ rẹ̀. Orúnkún ṣòkòtò ibi tó ti ṣí, ibi tí àpò ti bo aṣọ tí oòrùn ò rí i, gbogbo ẹ̀ ṣì hàn níbẹ̀. Ní 2002 wọ́n pàtẹ kúílìtì ìletò yẹn ní Houston, wọ́n tún gbé e lọ sí New York, àwọn èèyàn tò láti wò ó bí ẹni wo àwòrán ọlọ́lá.

Àwọn ará Japan náà ní tiwọn tí wọ́n ń pè ní boro, aró bíi tiwa, àbùlẹ̀ lórí àbùlẹ̀. Fi àwòrán méjèèjì han màmá. Má bá wọn jiyàn o, ṣáà fi hàn wọ́n.

Ọmọ_Ọ̀jẹ̀ (Múṣin) · 2:10 ọ̀sán

Kí la ń wá dé Alabama? Ẹ̀kú egúngún ilé wa, kí ni? Aṣọ lé aṣọ ni. Ọdọọdún ni ìdílé ń fi abala tuntun kún un, ti bàbá, ti ìyá, ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Àwọn baba wa ti ń gé aṣọ òkú rán pọ̀ tipẹ́, kì í ṣe èèwọ̀.

AlfáKékeré (Agége) · 2:24 ọ̀sán

Ilé mùsùlùmí ni wọ́n ti béèrè ọ̀rọ̀ o. Fídáù ni wọ́n ṣe. Ẹ má kó egúngún wọ yàrá ọlọ́yàrá.

Alága_Ojúlé · 3:02 ọ̀sán

Mo ti yọ ọ̀rọ̀ mẹ́fà kúrò níbí. Ọmọ_Ọ̀jẹ̀ àti Alfá, ẹ lọ parí tiyín nínú àpótí lẹ́tà ara yín. Aṣọ là ń sọ.

KòSíWàhálà · 3:04 ọ̀sán

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ mú gúgúrú jókòó ni o.

ỌmọÌsàlẹ̀Èkó · Ọjọ́ Jímọ̀, 9:55 alẹ́

Ẹ bá mi dúpẹ́, mi ò tíì di ẹni àjíǹde. Ẹ gbọ́ ohun tí àdìrẹ fojú mi rí lónìí.

Mo ṣe bí Aláró ṣe wí. Ánkáṣíìfù funfun ti mẹ́jọ, ó mọ́ tàbí kó pọ́n díẹ̀ báyìí. Ti méjì búlúù fẹ́ẹ́rẹ́. Ti èyí tó kẹ́yìn, bí ẹni fi í nu ìgò íńkì. Mo fọ ìyẹn lọ́tọ̀, omi kìíní, omi kejì, omi kẹfà. Mo ní ó ti tó. Mo sá a sórí irin fàrándà òkè, níbi òjìji, bí wọ́n ṣe ní.

Mi ò wo ìsàlẹ̀. Bàbá ilé ìsàlẹ̀ ti sá jàlàbíà funfun báláú tí wọ́n fẹ́ wọ̀ lọ sí Jímọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo gbọ́, "Ta ló ń rẹ aró lé mi lórí?" Àmì mẹ́rin, bí ìka ọmọdé, gba èjìká lọ sí àyà. Mo sáré sọ̀kalẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ tí kò yẹ obìnrin. Wọ́n wò mí, wọ́n wo òkè, wọ́n ní, "Ṣé àdìrẹ Alhájà nìyẹn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Wọ́n ní ọdún 1980 àti mélòó kan ni Alhájà ti ta ọ̀kan fún ìyàwó àwọn, ìyẹn náà ran gbogbo aṣọ ilé nígbà yẹn. Wọ́n wọ jàlàbíà mìíràn lọ. Mo ṣì ń wá bí mo ṣe máa san án padà.

Ẹyọ kan ya. Mo gbé e kúrò nínú omi, ó ya bí ìwé, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ariwo ẹ̀ tinrin. Mo jókòó sílẹ̀ bálùwẹ̀, mo sunkún díẹ̀.

Aláró, ìjúwe tẹ́ ẹ béèrè: mẹ́ta oníko, ọ̀kan alábẹ́rẹ́, méje ló dà bí ẹlẹ́kọ, ẹ̀yìn wọn dúdú bẹ́ ẹ ṣe wí. Wọ́n pín wọn sí ilé-ilé onígun mẹ́rin, àwòrán inú ilé kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Ọ̀kan ní ẹyẹ ní gbogbo ilé. Ọ̀kan tó dára jù, tí kò ya níbì kankan, ní òpó mẹ́rin-mẹ́rin tó dúró, nǹkan bíi ṣíbí wà láàárín wọn. Mo wọ̀n ọ́n, ínṣì 68 ní ìbú, 80 ní gígùn.

Aláró_Ìtòkú · 10:31 alẹ́

Haà! Ìbàdàndùn, orúkọ àwòrán àdìrẹ kan, lo ń júwe yẹn. Òpó Gbọ̀ngàn Màpó n'Ìbàdàn ni òpó yẹn, gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní 1929. Ìyẹn, má gé e. Mo wí bẹ́ẹ̀ o.

Àti pé mo ń ronú lórí ọ̀rọ̀ rẹ nígbà tí mo ń wọ ọkọ̀ bọ̀. O ní o fẹ́ gé e sí igun mẹ́rin. Ṣebí ẹlẹ́kọ ti wà ní igun mẹ́rin tẹ́lẹ̀? Alẹ́kọ, ẹni tó ya ẹ̀kọ sí i, ti bá ọ pín in. Tẹ̀ lé ìlà tó wà láàárín ilé àti ilé nígbà tó o bá ń gé àwọn èyí tó ti ya, má gba àárín àwòrán kọjá. Ilé tó bá ya, yọ ọ́ sọnù. Ilé tó bá dá ṣáká, mú un.

Ìbàdàndùn wá ńkọ́? Ṣebí aṣọ ìbora yẹn ní ìdí? Gbé e lé ìdí ní odidi. Kò sẹ́ni tó gé e, kò sẹ́ni tó já a. Lọ́jọ́ tí màmá rẹ bá fẹ́, wọ́n á yí aṣọ náà padà, wọ́n á rí ìró ìyá wọn bó ṣe wà.

Télọ̀_Agúdà · 11:02 alẹ́

Aláró, ẹ jẹ́ kí n gbé fìlà fún yín.

Ìṣirò rè é. Ẹ gé ilé kọ̀ọ̀kan ní ínṣì 15 ààbọ̀ sí 15 ààbọ̀. Bẹ́ ẹ bá rán an tán, ó máa kù 15. Mẹ́rin ní ìbú, márùn-ún ní gígùn, ogún ilé: 60 sí 75. Ìdí tẹ́ ẹ ní á fi ínṣì mẹ́rin lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, á fi méjì ààbọ̀ lé e lókè àti nísàlẹ̀. Ẹ nílò ẹ̀ torí aṣọ máa ń rìn nígbà tẹ́ ẹ bá ń gún un pọ̀. Bí ilé tí alẹ́kọ yà bá kéré sí 15 ààbọ̀, ẹ fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan yí i ká kó tó o. Oníko yẹn á wúlò fún ìyẹn.

Àti pé ìró yẹn máa ní ojú rírán kan láàárín, torí abala méjì ni wọ́n máa ń rán pọ̀. Ẹ fi ojú rírán yẹn ṣe àárín yín, kó má wọ́.

Màmá_Méjì · 11:15 alẹ́

Àwọn àbúrò ìyá ńkọ́? O ò dá mi lóhùn.

ỌmọÌsàlẹ̀Èkó · 11:20 alẹ́

Ẹ má bínú màmá. Mo pè wọ́n. Méjì ní àwọn ò fẹ́ nǹkan kan, àwọn ti gba wúrà. Àbúrò tó kéré jù wá fúnra wọn, wọ́n mú méjì lọ, ọ̀kan oníko, ọ̀kan alábẹ́rẹ́. Ó ku mẹ́sàn-án.

AbẹrẹKan · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:18 ìdájí (fún yín)

Lórí gígún un pọ̀: má fi máṣíìnì ṣe é. Máṣíìnì ọlọ́wọ́ ò ní jẹ́ kó o rí ọwọ́ kejì darí aṣọ tó nípọn tó sì tóbi tó bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ sílẹ̀, ìdí kọjú sílẹ̀, fi téèpù mú un mọ́ táìlì kó le gbagidi. Tẹ́ àárín lé e, tẹ́ ojú lé e. Tákì gbogbo ẹ̀ láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, òwú gígùn-gígùn tó o máa já kúrò tó bá yá. Lẹ́yìn náà lo máa wá fi ọwọ́ rán an gbọọrọ, abẹ́rẹ́ kúkúrú, kó máa tẹ̀ lé ìlà àwòrán. Òwú funfun lórí aró, ẹwà ẹ̀ kọjá sísọ.

Bó bá máa gbà ọ́ ní oṣù kan, jẹ́ kó gbà á.

KòSíWàhálà · 9:00 àárọ̀

Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì: kí la ń pè é ní Yorùbá? Mi ò lè máa wí fún ìyá mi pé mo fẹ́ ra kúílìtì, wọ́n á ní kí ló ń ṣe mí.

Télọ̀_Agúdà · 9:08 àárọ̀

Páàṣì-páàṣì là ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù.

Màmá_Méjì · 9:30 àárọ̀

Páàṣì-páàṣì kọ́ ni nǹkan tí ọmọ máa fi bora nílé ọkọ. Aṣọ ìbora àtòpọ̀. Ó ti parí.

ỌmọÌsàlẹ̀Èkó · ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìyẹn, Ọjọ́ Àìkú, 5:20 ìrọ̀lẹ́

Mo ti dé o. Ẹ ti rò pé mo ti fi sílẹ̀.

Nígbà tí mo sọ ti Ìbàdàndùn fún màmá mi, pé mi ò ní gé e, wọn ò sọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì wọ́n wọ yàrá mi, wọ́n jókòó sórí ilẹ̀, wọ́n ní kí n kó àwọn tó ya jáde kí àwọn wò wọ́n. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbé. Wọ́n mọ orúkọ gbogbo wọn! Oníẹyẹ yẹn, Ẹyẹpé ni wọ́n pè é. Mi ò mọ̀ rárá pé wọ́n mọ̀ ọ́n.

Èyí tí kòkòrò lù bí asẹ́, mo ti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti dà á nù. Wọ́n yí i padà. Nísàlẹ̀, níbi tí ìró ti máa ń gbá ilẹ̀, àbùlẹ̀ kan wà lẹ́yìn tí mi ò rí nínú gbogbo fífọ̀ tí mo fọ̀ ọ́, aró lórí aró, kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Wọ́n fi òwú tí wọ́n rẹ sínú aró rán an kó má baà hàn. Ojú abẹ́rẹ́ ẹ̀ kéré, ó súnmọ́ra, igun kan wọ́ díẹ̀. Màmá mi fi èékánná tọ ojú rírán yẹn títí yí ká. Wọ́n ní, "Ọwọ́ ìyá mi rè é. Wọn kì í lè yí igun." Lẹ́yìn náà wọ́n ní ilé tó ní àbùlẹ̀ yẹn gbọ́dọ̀ wọ inú iṣẹ́ náà, níbi orí, kì í ṣe níbi ẹsẹ̀.

Wọn ò gbà kí n gé nǹkan kan lójú wọn o. Bí mo bá ti mú sísọ́ọ̀sì, wọ́n á ní àwọn fẹ́ lọ gbé omi kaná.

Ogún ilé pé. Ẹlẹ́kọ márùn-ún ló fún mi ní mẹ́tàdínlógún, mo gba mẹ́ta tó kù lára oníko tó ti já. Mo lẹ gọ́ọ̀mù-sítéè mọ́ mẹ́sàn-án. Ìlà kẹta mi ò bá ìkẹrin mu, ó fi nǹkan bí ìdá mẹ́rin ínṣì yà, ẹ bá mi forí jì í, sẹ́lótéèpù ti ṣí lọ́jọ́ yẹn mi ò mọ̀. Bẹ́ẹ̀dìṣíìtì àárín, ti màmá àgbà náà ni, èyí tí wọ́n ń tẹ́ nígbà tí wọ́n ń ṣàìsàn.

Gígún un pọ̀, èmi àti màmá la jọ ń ṣe é lálẹ́, bí iná bá wà. Wọ́n ń rán láti apá orí, mo ń rán láti apá ẹsẹ̀. Ojú abẹ́rẹ́ tiwọn kéré ju tèmi lọ, ó sì hàn. Bàbá ilé ìsàlẹ̀ ti gba jàlàbíà tuntun, wọ́n ní kí n má ṣèyọnu ni, ṣùgbọ́n wọ́n gbà á.

Ó ku bíásì, aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí yóò bo etí ẹ̀ yí ká. Mo ní oníko kan tó ṣẹ́kù fún un. Bàbá Télọ̀, ṣé ínṣì méjì ni kí n gé e ni, àbí méjì ààbọ̀? Ọ̀pá (yáàdì) mélòó ni mo máa nílò?

Télọ̀_Agúdà · 5:44 ìrọ̀lẹ́

Méjì ààbọ̀, kẹ́ ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì. Yíká ẹ̀ jẹ́ ínṣì 270, ẹ gé ọ̀pá mẹ́jọ kó lè tó fún igun àti ibi tẹ́ ẹ ti máa so wọ́n pọ̀. Ẹ jẹ́ kí màmá máa wò yín nígbà tẹ́ ẹ bá ń yí igun.

KòSíWàhálà · 5:50 ìrọ̀lẹ́

Ta ló ń gbaṣẹ́, kó ṣe ọ̀kan fún mi? Mo ní àkísà.